Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Ìgò: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Fítámì D

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, oòrùn la máa ń sá fún. Ẹni tó bá sọ fún mi nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oòrùn yóò wọ́n mi débi tí n óò máa ra ohun tó ń ṣe nínú ìgò, ẹ̀rín ni mi ò bá fi rín in. Ṣùgbọ́n Manchester ni mò ń gbé báyìí. Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, àwọn arúgbó la ń tọ́jú, òru ni iṣẹ́ tèmi sì sábà máa ń bọ́ sí. Bí mo bá dé láàárọ̀, n óò fa kọ́tìnnì, n óò sùn. Nígbà òtútù, kí n tó jí, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ayé ń jókòó sí pápá, híjáàbù àti aṣọ gígùn ni mo máa ń wọ̀ jáde. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni oòrùn ń rí lára mi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fítámì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ojúgun ló ń ro mí, pẹ̀lú ìbàdí. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ó máa ń dùn mí wọ inú eegun. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga tó lọ sílẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ di nǹkan mú. Mo ti fi róòbù pa á títí, mo ti lo oògùn ara ríro, ó kàn ń lọ tó ń bọ̀ ni. Dókítà ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ oríṣiríṣi nǹkan wò, fítámì D wà lára rẹ̀. Èsì tèmi jẹ́ 17 nmol/L, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ níbí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 25 ni wọ́n ń pè ní ẹni tí kò ní in tó rárá. Láti 50 lọ sókè ni wọ́n gbà pé ó tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí lórí fóònù ló là mí lóye. Ìtànṣán oòrùn kan tí wọ́n ń pè ní UVB ni ara máa ń lò láti ṣe fítámì D nínú awọ. Láti Oṣù Kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ga tó lójú ọ̀run kí ìtànṣán yẹn tó lè dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe yẹ. Oòrùn lè ràn yòò lóṣù kìíní ọdún, kí èèyàn jókòó sínú rẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, otútù nìkan ni yóò rí gbà ńbẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé náà kò rí nǹkan kan, torí ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń wọlé ni, UVB kì í wọlé. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa tún máa ń dí UVB lọ́wọ́. Ààbò ni ìyẹn jẹ́ fún wa ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní Manchester ó túmọ̀ sí pé a ní láti pẹ́ nínú oòrùn ju aláwọ̀ funfun lọ kí a tó rí iye kan náà. Ìdí nìyí tí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, fi ní kí gbogbo èèyàn ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10, ìyẹn 400 ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní IU, lójúmọ́ nígbà ìwọ́wé àti nígbà òtútù, àmọ́ kí àwa tí a wá láti Áfíríkà, àwọn ará Caribbean, àwọn tó wá láti Gúúsù Éṣíà, àti ẹni tó ń bo ara tàbí tí kì í jáde, ronú nípa lílo tiwọn yípo ọdún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ èyí sára ògiri ilé ìwòsàn. Mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ fún wa rí ní àpèjọ àwa ọmọ Yorùbá, níbi tí a ti ń sọ ti físà àti ti ilé rírà láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru.

Nígbà tí tèmi ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 400 IU kò lè tètè gbé e dìde. Kápúsù 50,000 IU ni dókítà kọ fún mi, ẹyọ kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apoògùn tó fún mi mú bírò, ó yí ibi tí wọ́n kọ «lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀» sí lára páálí ká, ó tún ní kí n sọ ọjọ́ tí n óò máa lò ó kí òun gbọ́. Mo ní Jímọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Inú mi dùn pé ó bi mí, nítorí ojú tí mo fi ń wo oògùn tẹ́lẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, àfi bí ó bá tán. Ẹni tó bá lo irú kápúsù yẹn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti lo 350,000 IU, èyí tó ju ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún mi lọ.

Mo tún bi í léèrè nípa awọ kápúsù náà. Gelatin ni ọ̀pọ̀ wọn, gelatin sì lè jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Kò wò mí bí ẹni tó ń da òun láàmú. Ó yẹ ìwé inú páálí wò, ó sì bá mi wá èyí tí kò ní ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Àwọn èyí tí kò ní gelatin rárá wà, ti olómi sì wà. Oríṣi fítámì D tí wọ́n ń pè ní D3 fúnra rẹ̀, òróró ara irun àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Èyí tí wọ́n ń ṣe láti ara ewédò tó ń hù lára òkúta wà fún àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá. D2 náà wà, ṣùgbọ́n D3 ni wọ́n rí pé ó ń gbé ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ sókè jù, tó sì ń pẹ́ níbẹ̀ jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, wọ́n ní kí n padà wá ṣe àyẹ̀wò kálísíọ̀mù. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi sí i ni, àfi ìgbà tí dókítà ṣàlàyé pé àwọn ẹṣẹ́ kékeré mẹ́rin kan wà lọ́rùn tó ń darí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣiṣẹ́ kọjá àlà, àìtó fítámì D lè bo ìṣòro náà mọ́lẹ̀. Bí fítámì bá wá gòkè, kálísíọ̀mù á fò sókè, àṣírí á tú. Tèmi dára. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní kí n máa ra 1,000 IU fúnra mi, kí n máa lò ó lójúmọ́.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ojúgun kò ro mí mọ́, ó sì fi bí oṣù mélòó kan dínkù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má retí pé á ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń dìde lórí àga láìdi nǹkan mú. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí mo ti rò pé yóò bá a lọ kò lọ. Iṣẹ́ òru ló fà á, kò sí kápúsù tó lè sùn fún ni. Mo sọ èyí nítorí pé gbogbo ohun tó bá ń ṣe àwọn ará wa báyìí, irun jíjá, orí fífọ́, àìrọ́mọbí, fítámì D ni wọ́n ń dì í rù.

Nǹkan tó ṣe mí láǹfààní jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kíkà ẹ̀yìn ìgò. Oríṣi ìwọ̀n méjì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: máíkírógíráàmù, tí wọ́n máa ń kọ báyìí, µg, àti IU. Máíkírógíráàmù 1 jẹ́ 40 IU. Nítorí náà ìgò tí wọ́n kọ 25 µg sí àti èyí tí wọ́n kọ 1,000 IU sí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti rí ẹni tó da 25 nù pé ó kéré, tó lọ ra «èyí tó lágbára» tí wọ́n kọ 1,000 sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, kó gbogbo tirẹ̀ wá lóru ọjọ́ kan. A tò wọ́n sórí tábìlì ní yàrá tí a ti ń jẹun. Ìgò D3 4,000 IU. Fítámì aláwopọ̀ tó ní 400. Kálísíọ̀mù tó ní 400 nínú hóró kan, hóró méjì ló sì ń lò lóòjọ́. Súwíìtì rírọ̀ kan tí wọ́n ní ó wà fún irun àti èékánná, òun náà ní 1,000. Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, 200. Mo fi fóònù ro ó pọ̀: 6,400 IU lójúmọ́. Ẹnu yà á, nítorí lójú tirẹ̀ ìgò kan ṣoṣo ló jẹ́ fítámì D, ìyókù jẹ́ ti irun, ti eegun, ti oríkèé. Bẹ́ẹ̀ àlà tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá fúnra rẹ̀ ni 4,000 IU lójúmọ́, ìyẹn 100 µg, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá 2,000. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ kọjá 1,000. Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja yẹn tún ní fítámì A nínú, aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó rárá torí oyún inú. Nígbà tí a pa gbogbo ìwé ẹ̀yìn ìgò pọ̀, hóró 1,000 IU kan ṣoṣo ló kù fún ọ̀rẹ́ mi, owó oṣooṣù rẹ̀ sì gbádùn.

Ohun tó fà á tí àlà fi wà ni pé fítámì D kì í bá ìtọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi fítámì C. Inú ọ̀rá ara ló ń kó sí, bí owó àjọ tí wọ́n ń dá lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kó. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa fa kálísíọ̀mù wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òùngbẹ á máa gbẹ èèyàn, á máa tọ̀ léraléra, ìgbẹ́ á ṣòro yà, inú á máa rú u, ọkàn rẹ̀ á máa dàrú, òkúta sì lè dá sínú kíndìnrín. Bí èèyàn bá tún dáwọ́ dúró lónìí, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ni ara fi ń gbọ̀n ọ́n kúrò. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ìkókó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ṣàìsàn, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Fítámì D tí wọ́n ń dà sínú wàrà àti oúnjẹ ọmọ ni wọ́n fura sí, ìjọba sì dín in kù. Títí dòní, wàrà màlúù tí a ń rà lásán ní ṣọ́ọ̀bù níbí, wọn kì í fi fítámì D sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà.

Àwọn kan wà lórí WhatsApp tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ pé kí èèyàn gbé gọbọi mì lẹ́ẹ̀kan, kó lè bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ àti àrùn ọkàn. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, VITAL ni wọ́n ń pè é, fi 2,000 IU lójúmọ́ dán èèyàn tó lé ní 25,000 wò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú wọn lé ní 5,000. Nígbà tí èsì jáde ní 2018, iye àwọn tí jẹjẹrẹ tàbí àrùn ọkàn mú kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní nǹkan nínú. Ní Australia, wọ́n fún àwọn àgbà obìnrin ní 500,000 IU lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Èsì ìyẹn jáde ní 2010: wọ́n ṣubú, eegun wọn sì kán, ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní nǹkan nínú lọ. Ìwọ̀nba lójoojúmọ́ ló wù mí ní tèmi, àfi bí dókítà bá ní ìdí tó fi kọ ńlá.

Ti bí a ṣe ń lò ó kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀rá ló ń bá a rìn, nítorí náà kí èèyàn lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní òróró díẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò wa tí epo ń dán lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú Ramadan, ìgbà ìṣínu ni mo máa ń lo tèmi, lẹ́yìn oúnjẹ gan-an, kì í ṣe pẹ̀lú dàbínù àti omi. Ẹja títù, sáàdínì, ṣáwà àti pupa ẹyin ní in nínú, ẹ máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí oúnjẹ nìkan tó ní ìlú yìí.

Ti ìkókó gba ìṣọ́ra ju tiwa lọ. Ọmọ tó ń mu ọmú yẹ kó máa gba 8.5 sí 10 µg lójúmọ́. Èyí tó bá ń mu oúnjẹ alágolo tó 500 ml lóòjọ́ ti ń rí i nínú ẹ̀. Olómi ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ̀kán kan ni ìwọ̀n nínú ìgò mìíràn, nínú òmíràn ó jẹ́ odidi mìlílítà kan. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní méjèèjì nílé, ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ohun ìfà kan náà ló sì fẹ́ máa lò fún wọn. Mo ní kó ju ọ̀kan nù. Ní 2010, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ti kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ohun ìfà yìí gan-an.

Àbúrò mi ní Èkó ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lẹ́yìn tó gbọ́ tèmi. Ó pè mí tẹkúntẹkún: «Àǹtí, 22 ni tèmi o, a jọ wà nínú ẹ̀ ni!» Mo ní kó ya èsì náà ránṣẹ́. 22 ng/ml ni wọ́n kọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Èkó níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Manchester. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di tibí yóò fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀. 55 ni tirẹ̀ jẹ́. Kò nílò kápúsù ńlá kankan. Ó ti fẹ́ san owó rẹ̀ kó tó pè.

Ti ìyá mi ló wá gba àsìkò mi jù. Ọmọ Àlùhájà kan nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù wọn ń gbé ní Houston, ó sì kó fítámì wálé fún wọn. Ọjọ́ tí mo pe Màámi, ìgò ló ń yìn fún mi.

«Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ eegun ni o. Àlùhájà ní gbogbo àwọn àgbà Amẹ́ríkà ló ń lò ó.»

Mo ní, «Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ bá mi gbé e fún ọmọ Bọ̀dá, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi.»

Ọmọ náà kà á: «Fáìfù táósàn, Àǹtí.»

«Mélòó ni Màmá ń lò?»

«Méjì. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.»

10,000 IU nìyẹn, fún ẹni tó ń jókòó sójú oòrùn níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Mo bi í bóyá nǹkan mìíràn wà tó ń lò. Ó ní kálísíọ̀mù kan wà tí wọ́n jọ kó wá. Moduretic rẹ̀ sì wà níbẹ̀, èyí tó ti ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mélòó kan. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Oògùn méjì ló wà nínú Moduretic, ọ̀kan nínú wọn, hydrochlorothiazide, kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù bá ìtọ̀ jáde tó bó ṣe yẹ. Bí fítámì D ńlá bá ń kó kálísíọ̀mù wọlé, tí hóró kálísíọ̀mù tún ń wọlé, tí ọ̀nà àbájáde sì há, ibo ni yóò gbà? Mo bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní kò sí nǹkan, pé ìgbẹ́ kàn ń ṣòro díẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ òun, pé ọyẹ́ ni.

Mo ní kó dá ti Amẹ́ríkà dúró lọ́jọ́ náà, kó sì kó gbogbo ìgò náà lọ bá dókítà rẹ̀ láàárọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe Moduretic ni kí òun kúkú dá dúró, níwọ̀n bí òun ti ń fi owó ra ìyẹn, tí èyí sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ ara ẹni dá dúró.

Wọ́n yẹ kálísíọ̀mù àti kíndìnrín wò. Kíndìnrín dára, kálísíọ̀mù ti yọ díẹ̀ kọjá àlà. Dókítà gba fítámì àti kálísíọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó padà wá. Nígbà tó padà lọ, ó ti wálẹ̀, ìgbẹ́ sì ti ń rọ̀. Dókítà ọ̀hún tún bi í léèrè ohun tí mi ò rántí láti bi í: bóyá òkúta ti dá sínú kíndìnrín rẹ̀ rí, àti bóyá ó ń lo digoxin fún ọkàn, torí kálísíọ̀mù tó ga kò bá oògùn yẹn ṣe. Ẹni tó bá ń lo warfarin náà (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), kó má ra D3 tí wọ́n fi K2 pọ̀ mọ́, torí fítámì K ló ń bá warfarin jà.

Ó wá ku ti àwọn tí Màámi ti pín in fún. Ó ti fún àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù kí n tó pè é, ẹ̀kún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀rá, láìsí ìgò, láìsí ìwé. Mo ní kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n dá a padà. Ìkẹta ní tòun ti tán tipẹ́, pé ó dára gan-an, ìgbà wo ni ọmọ Àlùhájà tún ń bọ̀?